Ọjọ́ Tí Ọṣẹ Hó ní Ìdí-Àgbọn

Inú ẹrẹ̀ ni mo wà ní Ajílété lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí ṣe kọmíṣánnà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi. Mi ò fi òwe sọ ọ́ o. Ẹrẹ̀ gidi ni, ó mù mí dé orókùn, nítorí páìpù kan tí a fẹ́ rì sínú kànga ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀, kò wọlẹ̀. Fóònù mi dún. Ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì gómìnà lòun ti ń pè, pé kí n kó ìwé-ẹ̀rí mi dání kí n máa bọ̀ l'Abẹ́òkúta. Mo ní, "Ẹ lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe," mo sì pa fóònù. Ó tún pè. Mo ní kó lọ lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn mìíràn ló wọlé, ohùn pẹ̀lẹ́: "Màmá, èmi gómìnà ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ ò tilẹ̀ mọ ohùn rẹ̀ sín dáadáa. Gómìnà gan-an máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà wúkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí àwọn ará ilé wa ń pè ní bọ́hòlù, láti Ìlaró dé Ayétòrò títí lọ dé Ìpókíá. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni mo kà ní yunifásítì. Mi ò ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, mi ò sì jókòó nípàdé wọ́ọ̀dù rí. Gómìnà yìí ti ń sọ látìgbà tó ti ń polongo pé àwọn tó mọṣẹ́ lòun máa gbé ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀nà àti ìlera lé lọ́wọ́, wọn ì báà má sí lẹ́gbẹ́ kankan. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Èmi gan-an tí wọ́n ń yàn lọ́wọ́, mi ò tíì gbà á gbọ́.

Kí wọ́n tó búra fún kọmíṣánnà, àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ olóṣèlú bíi tiwọn ni, wọ́n á ní kó tẹríba kó máa lọ. Èmi ní tèmi, wọ́n ní kí n dúró. Onárébù kan dìde, ó ní, "Màmá, ìbò mélòó lẹ kó wá fún ìjọba yìí ní wọ́ọ̀dù yín?"

Mo ní, "Kò sí, sà. Ọjọ́ ìdìbò nìkan ni wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rí oorun sùn."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí kò bẹ èèyàn fún ìbò rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́?" Mo ní omi ni wọ́n ń fẹ́. Mo rò pé mo ti dá a lóhùn tán nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ sí i, mo jáde síta, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tó wọ bàtà ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ipò náà dùn. Ó dùn ju oyin lọ. Àga ọ́fíìsì mi máa ń yí, mo sì fi yípo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyípo kẹta ni akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Àlàdé, wọlé bá mi. "Ẹ kú ìjókòó, mà," ló wí, ojú rẹ̀ ò yí padà rárá. Lẹ́yìn oṣù kan ló tó sọ fún mi pé kò tíì sí kọmíṣánnà kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fọn fèrè ló ń ṣáájú mi lójú ọ̀nà. Àwọn àgbàlagbà ń dìde fún mi. Ìwé ń wọlé, mò ń bu ọwọ́ lù ú, ìwé ń jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn ni ti abúlé kan tó wà láàárín Ìlaró àti Imasayi. N ó pè é ní Ìdí-Àgbọn, kí n má bàa tú wọn síta. Agbaṣẹ́ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ wọn tán, kí kọmíṣánnà wá ṣí i. Nígbà tí mo wà nínú ẹrẹ̀, mi ò jẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí kànga tí mi ò fojú rí. Èyí, mo bu ọwọ́ lù ú, torí pé ìwé náà mọ́ tónítóní, ọkọ̀ sì ń dúró dè mí nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, gbogbo Ìdí-Àgbọn ló jáde. Odò kékeré kan tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni wọ́n ń pọn, wọ́n sì ní kànga àtijọ́ kan tí omi rẹ̀ kì í tó nǹkan. Gàníyù, kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn, ló ń kí wa káàbọ̀, òógùn bò ó. Mo gé rìbọ́ọ̀nù. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára táǹkì. Omi ya jáde wàà! Ìyá Sàlámọ̀, olórí àwọn obìnrin abúlé náà, tí orí rẹ̀ ti funfun, mú ọṣẹ, ó fi para dé ìgúnwọ́, ìfófó sì bò ó lọ́wọ́. "Ẹ wò ó bó ṣe ń hó!" ló ń pariwo. Àwọn ọmọdé fi ìfófó ṣe irùngbọ̀n. Àwọn obìnrin ń fọ ojú ara wọn, wọ́n ń jó. Èmi náà ń pariwo pé "Ó ń hó! Ó ń hó!" Bí mo ṣe ń wí i lọ́wọ́ ni mo rántí irú ilẹ̀ tí a dúró lé.

Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi tó bá gbé inú òkúta yẹn máa ń le. Ó ṣe é mu, ara á gbà á, ṣùgbọ́n tí o bá fi ọṣẹ kàn án, kò ní hó, á kàn dì kúlúkúlú sí ọ lọ́wọ́ ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gbẹ́ kànga láìsí ọṣẹ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ìwé lè purọ́, agbaṣẹ́ṣe lè purọ́, ọṣẹ kì í purọ́. Omi tó ń hó báyìí ní Ìdí-Àgbọn, odò ni wọ́n ti gbé e wá. Mo wo ẹ̀yìn táǹkì, mo rí ojú ẹsẹ̀ táyà ńlá nínú koríko.

Mo fa Gàníyù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kánsẹ́lọ̀, níbo ni táńkà tó gbé omi yìí wá wà?"

Ojú rẹ̀ bàjẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní òun á parí ẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ. Èmi ni mo ṣèlérí omi fún wọn kí wọ́n tó dìbò fún mi."

Mo lè dákẹ́. Omi tó wà nínú táǹkì lè tó wọn lò fún ọjọ́ méjì, tó bá sì fi máa di ọjọ́ kẹta, orí àga mi ni mo máa wà. Mo wo Ìyá Sàlámọ̀ tó ń fi ìfófó pa ọmọ ọmọ rẹ̀ lójú, inú bí mi sí ara mi. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní, "Ẹ tan pọ́ńpù."

Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ó tún ní kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó yá, ó ní àlejò ni òun. Mo tú gèlè mi, mo bọ́ bàtà, mo ṣí ìdérí kànga náà fúnra mi, mo sì ju òkúta kan sínú rẹ̀. Gbogbo ayé gbọ́ ọ: kò! Ilẹ̀ gbígbẹ ló balẹ̀ sí, kò sì jìnnà rárá.

Ìyá Sàlámọ̀ sún mọ́ mi. "Ta ló fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ tí wọ́n ní o mọ̀ nípa omi ju gbogbo wọn lọ?"

"Èmi náà ni."

Ó wò mí títí. "Ó dáa. Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Ojú tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní, "Ẹ fún mi níbi tí mo máa sùn. Mi ò ní kúrò níbí títí omi á fi jáde."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni gómìnà pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ wúkọ́. "Màmá, ẹ dójú tì mí lójú gbogbo èèyàn."

"Mo dójú ti ara mi náà, sà."

"Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́?"

"Mẹ́ta, sà."

"Tí omi bá jáde, ẹ padà sí ọ́fíìsì. Tí kò bá jáde, ẹ máa gba ilé yín lọ tààrà."

Ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tèmi ni mo ránṣẹ́ sí. Húnsù ló wà á wá, ará Ìpókíá tó kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn bọ́dà, tó máa ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a gba inú ilẹ̀ pupa kọjá. Lọ́jọ́ kejì ẹnu irin tó ń gbẹ́lẹ̀ ṣẹ́, àwọn ìdílé méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ibi tí ẹrẹ̀ máa ṣàn gbà. Apá mi ò ká a mọ́. Gàníyù fa fóònù yọ. Kó tó di ọ̀sán, ó ti rí ajórin-mọ́rin kan ní Imasayi, ó ti jókòó láàárín ìdílé méjèèjì, ó bẹ ẹ̀gbọ́n, ó bẹ àbúrò, wọ́n ti ń bá wa la ọ̀nà ẹrẹ̀ pa pọ̀. Mo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ọkùnrin yìí sì mọ àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Mo sọ ọ́ sí i létí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, kò tíì sí nǹkan kan. Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé oúnjẹ wá láti ilé, ó jókòó ti kúlà oúnjẹ náà, ó ń dúró dè mí. Eruku funfun ń jáde lẹ́nu ihò. Mo ti ń ro bí n ó ṣe máa wo ojú akọ̀wé àgbà. Àfi bí eruku náà ṣe di ẹ̀kọ, tí ẹ̀kọ di omi, tí omi sì fò sókè gàn-ùn, ó bo gbogbo wa! "Sè bọ̀n! Sè bọ̀n!" ni Húnsù ń fi Faransé ké, pé ó dáa. Gàníyù dì mọ́ mi, ẹrẹ̀ dì mọ́ ẹrẹ̀.

Nígbà tí omi náà mọ́, Ìyá Sàlámọ̀ gbé ọṣẹ wá, torí mo ti sọ fún gbogbo wọn pé omi abẹ́ ilẹ̀ wọn kì í hó. Ó fi ọṣẹ ra ọwọ́. Ó rà á, ó rà á. Kò hó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Kò hó o!" Gbogbo abúlé gbà á: "Kò hó! Kò hó!" Wọ́n ń fò, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀. Ọṣẹ kọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń dúpẹ́.

Ìyá Sàlámọ̀ yíjú sí kánsẹ́lọ̀. "Ìwọ Gàníyù, a dìbò fún ọ. Obìnrin yìí ńkọ́, ta ló dìbò fún un?"

"Gómìnà ló yàn wọ́n, Màmá."

"Gómìnà ò pọnmi níbí." Ó kọjú sí àwọn èèyàn. "Ẹni tó bá fẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ náà lọ, kó nawọ́!"

Ọwọ́ lọ sókè, ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀, ọwọ́ àgbà, ọwọ́ ọmọdé. Húnsù na méjèèjì, Gàníyù sì sọ ọ̀kan rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òfin ò gbà á. Ẹkún àti ẹ̀rín gbà mí mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Sàlámọ̀ ní, "Ẹni tí kò bá fẹ́ ńkọ́?"

Lẹ́yìn pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ kúlà oúnjẹ, ọwọ́ kan rọra dìde. Bàbá Ìbejì ni. Ó ní, "Látìgbà tí wọ́n ti yàn án ni mo ti ń dá jẹun."

Ìyá Sàlámọ̀ fara balẹ̀ wò ó. "A gbọ́ tiyín, bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti borí yín."

Mo bá a jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwo kan ṣoṣo ni a fi jẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà sí ọ́fíìsì mi l'Abẹ́òkúta. Wọ́n ti wá dìbò yàn mí wàyí: gbogbo abúlé ló yàn mí, àyàfi ọkọ mi.