Bàálù Tí Kò Jẹ́ Kí N Dọ̀bálẹ̀

Bí o bá da òórùn ọsibítù pọ̀ mọ́ òróró kásítọ̀ tí àwọn ìyá wa máa ń fi ipá rọ sí wa lẹ́nu láti fọ inú, tí o wá ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ohun tí wàá rí ni òórùn Accra. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbé ibẹ̀ bíi tèmi yóò jiyàn. Wọn á ní ẹja díndín ni Accra ń rùn, tàbí afẹ́fẹ́ òkun, tàbí kẹ́ńké, ẹ̀kọ àwọn ará Gáná, tó ń hó lórí iná. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi, bí mo bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kọjá títí dòní, apá mi ọ̀tún á kàn ṣàdédé nà tọ́ọ́rọ́, ọrùn ọwọ́ mi á le, ẹsẹ̀ mi á sì fẹ́ máa yípo. Nọ́ọ̀sì kan rí mi bẹ́ẹ̀ léèkan, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?" Mo ní kò sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé bàálù ni mò ń wà?

Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Accra, ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé onílé kan tó jẹ́ ará Gà, níbi tí èdè mẹ́rin ti máa ń bá ara wọn jà láàárọ̀ kí a tó pọn omi tán. Mo ń lọ sí ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ìjọba Gáná kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni a wà. Bàbá mi ti lọ sìnkú ní Ìnísà, ìlú wa ní Nàìjíríà, kí ọ̀rọ̀ náà tó balẹ̀, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ kàn sí i. Bí mo ṣe di baálé lọ́sàn-án gangan nìyẹn, pẹ̀lú irùngbọ̀n tí ènìyàn lè fi ojú lásán kà. Màámi, tó ń ta aṣọ àti ọṣẹ lọ́jà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọjà náà tọrẹ tán. Oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù tí à ń retí rẹ̀.

Gbogbo ayé ló ń wá lọ́rì nígbà náà. Orí ẹrù ni àwọn ènìyàn ń jókòó lé, lórí pákó, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, lórí ara wọn. Ìyá oníkẹ́ńké tí a jọ ń gbé agboolé, obìnrin Gà tó ti gbẹ̀bí ọmọ púpọ̀ ládùúgbò, fi ọwọ́ kan ikùn Màámi, ó ní bí wọ́n bá fi í jókòó sẹ́yìn lọ́rì lójú ọ̀nà Aflao, níbi bọ́dà Togo, ọmọ yìí kò ní dúró de Lomé. "Iwájú ni kó jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, níbi tí tìmùtìmù wà. Bí kò bá sí iwájú, kó má lọ." Kó má lọ kẹ̀, nígbà tí ọlọ́pàá ti ń wọ ilé béèrè ìwé lọ́wọ́ ènìyàn. Iwájú lọ́rì kan náà yìí ni àwọn tó lọ́lá jù wá lọ ń dù.

Dírẹ́bà tó fẹ́ gbé wa, ọkùnrin Kwahu ni. Ó ti ń kó àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, lọ bọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè bú ni, kò gbọ́ ọ débi pé ó lè tọrọ àforíjì. Ọjọ́ tó wá wo bí ẹrù wa ṣe pọ̀ tó, ojú rẹ̀ bọ́ sára bàálù kékeré kan tí ọmọ onílé wa fi kọ́ ara ògiri. Ọmọ onílé yìí ti ka ìwé iṣẹ́ ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kan bàálù náà. Àárín wa ló dàgbà sí, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ẹ̀pà gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀.

"Kí lèyí?" dírẹ́bà bèèrè.

"Bàálù ni. Ó ń fò."

"Tà á fún mi. Ọmọ mi ọkùnrin á fẹ́ràn ẹ̀."

Ọmọ onílé wo bàálù rẹ̀. Ó wo Màámi, tó ń fi ọwọ́ ti ìbàdí láti dìde. "N ò tà á," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí Maame yìí bá jókòó níwájú ọkọ̀ ẹ, máa gbé e lọ."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kàn án, ìwọ lo mọ̀ ọ́n wà. Tí mo bá gbé e délé tí ọmọ mi ò lè gbé e fò ńkọ́? Á di ọ̀ṣọ́ ara ògiri." Ó wá nàka sí mi. "Alata yìí, ṣé ó ti wà á rí?"

"Rárá."

"Ó dáa. Kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí a bá ń lọ, kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó bọ́ síwájú, kó gbé e fò lójú mi, kó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìfọ́. Tí irú orí eléyìí bá gbà á, ti ọmọ mi á gbà á."

Ọ̀rẹ́ mi, má rò pé bàálù tí ènìyàn ń wọ̀ ni o. Ìyẹ́ rẹ̀ kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Igi fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi kàn án, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára, ẹ̀rọ tó wà nímú rẹ̀ kò tóbi ju ẹyin awó lọ, abẹ̀bẹ̀ pákó kan sì wà níwájú ẹ̀rọ náà. Láti etí ìyẹ́ kan, wáyà tín-ín-rín méjì jáde wá sí igi ìdìmú lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Ẹni náà á dúró láàárín pápá, bàálù á máa yí i po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, òun náà á sì máa yí tẹ̀ lé e. Bí o bá gbé ìdìmú sókè díẹ̀, á gòkè. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, á wálẹ̀. "Díẹ̀" yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Kò sì sí ohun tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá ti gbéra, àfi kí epo inú rẹ̀, àdàlù oògùn ọsibítù, kásítọ̀ àti kẹrosíìnì, tán. Ìwọ lo di wáyà mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló so ọ́ mọ́lẹ̀.

Agolo mílíìkì ni ọmọ onílé fi bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ó so ó mọ́ okùn, ó ní kí n máa fì í yípo nínú agboolé, kí ojú mi má sì kúrò lára rẹ̀. Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, nínú oòrùn, mo ń yí. Bí mo bá ti ṣèèṣì wo ògiri báyìí, òòyì á gbé mi lulẹ̀. "Má wo ilé, chale," ó ń sọ fún mi. "Má wo ènìyàn. Ibi tí agolo wà ni ayé ẹ wà." Ìyá oníkẹ́ńké dúró ti ìkòkò rẹ̀, ó ní, "Ei, wọn ò tíì gbé Alata dé bọ́dà, orí ẹ̀ ti ń yí." Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Màámi náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ikùn mú bó ṣe ń rín in, bí ọwọ́ yẹn ṣe rí lára ikùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí èmi lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a wá dé pápá bọ́ọ̀lù, mo rí i pé agolo mílíìkì kò sọ òtítọ́ fún mi. Agolo kì í pariwo, kì í fa ènìyàn. Bàálù yìí ń ké bí àìmọye kòkòrò nínú ìgò kan, ó sì ń fà mí bí ajá tó rí ẹran. Bó bá gòkè díẹ̀, ẹ̀rù á bà mí, màá tẹ̀ ẹ́. Á forí lé ilẹ̀, ẹ̀rù á tún bà mí, màá gbé e. Ló bá di pé ó ń jó bí ọkọ̀ tó ń gba inú kòtò kọjá. Ọmọ onílé á sáré wá di apá mi mú láti ẹ̀yìn, àwa méjèèjì á jọ máa yí bí ẹni tó ń jà. "Ọwọ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ jù," ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó máa sọ. Di ọrùn ọwọ́ ẹ le." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, àwọn ènìyàn wa ń kọjá pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti bẹ́ńṣì lórí, wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo wèrè tí kò gbọ́ pé ìlú ti tú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ onílé kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀ pé kí n dá a wà, mo ṣe dáadáa. Bàálù ń lọ geere ní ìwọ̀n èjìká mi, mo sì ti ń rò ó pé kí ni àwọn aláwọ̀ funfun fi ń ṣe fáàrí gan-an. Ìgbà náà ni Áfà wa ń kọjá láti mọ́sáláṣí. Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi ní kéú láti orí álífù, pátákó wàláà àti pàṣán ló fi kọ́ mi. Àwọn Áfà mìíràn máa ń sọ pé kí á má dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn. Tiwa ní Ọlọ́run mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkíni àti ìjọsìn, kí ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, "Ọmọ Ìnísà, o kú iṣẹ́." Ọ̀rẹ́ mi, n kò rò ó wò rárá. Kí n tó mọ̀, àyà mi ti kan ilẹ̀, gbalaja, apá mi ọ̀tún nà síwájú pẹ̀lú ìdìmú nínú iyanrìn. Bàálù náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé mi.

Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fọ́ yángá, ìyẹ́ kan sì ya. Áfà wo iyanrìn, ó wo èmi tí mo ṣì wà nílẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Ìkíni ló pa á, Áfà," ọmọ onílé dáhùn. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iwájú lọ́rì fún un.

Áfà tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ iyanrìn. "Dìde," ó wí. "Bí o bá tún wà nídìí nǹkan yìí, má kí mi. Mo ti gba ìkíni tọjọ́ náà sílẹ̀."

Ọmọ onílé fi gúlúù àti òwú di ìyẹ́ náà. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Accra, a kò sì gbọdọ̀ fi kọ́ṣẹ́ mọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé n kò tíì dá bàálù náà sọ̀ kalẹ̀ láìfọ́ rí, n kò sì ní gbìyànjú rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ tí ìyá mi máa mọ ibi tó máa jókòó sí. Mo padà sídìí agolo mílíìkì. N kò lè jẹ sààrì, bẹ́ẹ̀ ni ìṣínu kò wọlé. Màámi ń wò mí, ó ń bu ẹran tirẹ̀ sí abọ́ mi.

Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan lẹ́búlẹ́bú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́rì dúró sẹ́bàá pápá, ẹrù ti kún un, àwọn èrò ti gòkè sẹ́yìn. Màámi jókòó sórí àpótí wa nílẹ̀, kò gòkè sẹ́yìn, kò bọ́ síwájú. Dírẹ́bà fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ orógbó. "Alata, ṣé ó máa fò, àbí ó ṣì ń gba ààwẹ̀?" Ọmọ onílé fi ìka gbá abẹ̀bẹ̀, òórùn ọsibítù àti kásítọ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan, ẹ̀rọ figbe ta. Ó tú u sílẹ̀ kó gbéra.

Mo yí. Mo di ọrùn ọwọ́ mi le bí ìgbà tí wọ́n fi igi dè é. Bàálù ń jó díẹ̀, ó sì dákẹ́ jíjó. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lẹ́yìn bàálù, ojú á rí i bó bá ń kọjá: lọ́rì, Màámi, igi neem, ilé ẹ̀kọ́, lọ́rì, Màámi. Níbi igi neem ni mo ti rí agbádá funfun kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo tún yí débẹ̀, mo mọ ọ̀pá náà. Áfà ti wọ aṣọ ìrìn àjò, ó gbé bùútà rẹ̀ dání. Lọ́rì tirẹ̀ ń fun fèrè ní òpópónà kejì. Ó wá dágbére fún mi ni.

Mi ò purọ́ fún ọ, gbogbo ara mi ló ń wá ilẹ̀. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, Màámi á jókòó sórí ẹrù títí dé Lomé. Mo dúró gbọnrangandan, mo sì ń yí ẹ̀yìn mi sí i, mo ń yí ojú mi sí i, ohun tí wọn kì í ṣe sí àgbà. Mo tún dé ibi igi, ó ti gbé bùútà sílẹ̀. Mo tún débẹ̀, ó ti na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ètè rẹ̀ ń mì. Mo tún débẹ̀, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú. Fèrè lọ́rì yẹn tún dún. Epo kò tán. Mo bẹ epo náà kó tán. Mo tún débẹ̀, ẹ̀yìn agbádá ni mo rí. Mo tún débẹ̀, igi neem nìkan ló kù.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ wá dákẹ́. Mo fà sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ mi kí wáyà má bàa dẹ̀, bàálù náà sì rọra balẹ̀ lórí iyanrìn, ó sáré díẹ̀, ó dúró. Dírẹ́bà lọ gbé e, ó yí i padà, ó yẹ ikùn rẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò. "Yoo, ó dáa," ó wí. "Maame, ẹ bọ́ síwájú." Ọmọ onílé ká wáyà mọ́ ìdìmú, ó nà án sí dírẹ́bà, kò wo bàálù náà mọ́. Èmi ti sáré lọ sábẹ́ igi. Ojú ibi tí ọ̀pá gún nínú iyanrìn ni mo bá, ariwo lọ́rì náà sì ti ń jìnnà.

Nígbà tí mo padà, Màámi ti jókòó, ó ti fi ìró di ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tìmùtìmù. Ó ní, "Áfà dúró lọ́dọ̀ mi bó ṣe ń lọ. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti gba tòní sílẹ̀."

Ilé wa ní Ìnísà ni Màámi bímọ sí, lórí ẹní, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin yìí, tó máa ń sọ pé orí òun ló gbé gbogbo wa délé, n kì í bá a jiyàn. Áfà dé Ìlọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi tó ẹni tó lè dá wá a lọ, sàréè rẹ̀ ni wọ́n mú mi dé. A kì í dọ̀bálẹ̀ fún sàréè. Mo ṣe àdúà, mo padà.

Mo mọ̀ pé ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní kò sí àgbàlagbà tí mo lè rí kí n má da kóòtù mi sí yẹ̀pẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ ní bó pẹ́ bó yá, màá kí òpó iná. Ẹ máa rín in lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá rí mi nílẹ̀ níwájú bàbá kan tí n kò mọ̀ rí, má tètè fà mí dìde. Jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Òun nìkan kọ́ ni mò ń kí.