Hẹlikọ́pítà Tó Dé Nígbà Tí Birkha Rokaya Kú Tán

Birkha Rokaya, ẹni tó ti ṣe mínísítà rí lórílẹ̀-èdè wa, kú lọ́sàn-án gangan ní Rimse, abúlé rẹ̀ lókè Karnali. Òtútù àyà ló ń ṣe é, àìsàn tí a lè wò bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fi síta ní Kathmandu, olú ìlú wa, kì í ṣe òtútù àyà ló pa á. Ojú ọjọ́ ni. Wọ́n ní àwọn gbìyànjú. Wọ́n ní hẹlikọ́pítà wà nílẹ̀, àmọ́ kùrukùru ló bo òkè.

Kùrukùru wo? Oṣù Kartik la wà, nígbà tí òjò ti lọ tán, tí ojú ọ̀run mọ́ débi pé èèyàn lè ka ewúrẹ́ lórí òkè kejì. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn ń jà fún èémí, kò sí òrùlé kan ní Rimse tí wọn kò sá ata àti ẹ̀wà sí. Ṣé àwọn obìnrin Karnali ti ya wèrè ni, tí wọ́n á fi máa sá ata sínú kùrukùru?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ òde òní ò mọ̀ ju kí fèrè mọ́tò dún kí olóṣèlú kọjá lọ. Birkha Rokaya wọ ẹgbẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú jẹ́ èèwọ̀ nílẹ̀ yìí. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Nínú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ àwọn olè ní ìwé kíkà, tó sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé akẹ́kọ̀ọ́ òun nìkan ni kì í pa ilé ìwé jẹ. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn ènìyàn rẹ̀ dìbò fún un, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mọ́tò wà, ẹ̀wà yíyan nínú àpò rẹ̀, kó tó lè dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Nígbà tó di mínísítà fún iṣẹ́ òde, wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò tíì sí ọ̀nà mọ́tò dé abúlé rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá kọ́kọ́ la ti ẹnu ọ̀nà mi, kí ni màá sọ fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà ju tèmi lọ?" Àwọn ará Kathmandu rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ ní Mínísítà Ẹlẹ́sẹ̀. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tó dára jù lọ tí òun ti jẹ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣe fún Rimse, àpò ara rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè la ti ń dáko, àfi oko ọ̀dùnkún kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó tẹ́ bí ẹní. Ó kó àwọn ará abúlé jọ, wọ́n ṣa òkúta rẹ̀ kúrò, ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí hẹlikọ́pítà lè máa balẹ̀ síbẹ̀ wá gbé aláìsàn. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ṣáájú rẹ̀ kú, kò kọ́kọ́ gbà.

Ó ní, "Bàbá Jaukala, ṣé hẹlikọ́pítà la ó máa sè jẹ ni?"

Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹni tó bá yè, yóò bá wa gbin òmíràn."

Nígbà náà, kí ló ṣe tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́? Ó sọ̀rọ̀ kan níbi ìpàdé gbogboogbò wọn ni. Ó ní olórí tí ikọ́ bá ti mú ló ń sáré gba Bangkok lọ. Ó ní láti òní lọ, kí olúkúlùkù máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ ṣí. "Ẹni tó bá gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, kó wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Nígbà tí ìbò mìíràn dé, agbaṣẹ́ṣe kan ni wọ́n fà kalẹ̀ dípò rẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó relé. Láti ìgbà náà, fọ́tò rẹ̀ kò wọ́n lára ògiri wọn bí ìbò bá ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ó ku òun àti Jaukala ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣe olùkọ́ ní Rimse. Nígbà tí ọ́síjìn tán ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀, Jaukala gun ibi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́ lórí òkè, ó pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin tó ń gé koríko níbẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Jaukala ni, ọmọ Birkha. Bàbá ò lè mí dáadáa mọ́. Ẹ bá wa rán hẹlikọ́pítà wá."

"Háà, àbúrò, ẹ fún wọn lómi gbígbóná. Ojú ọjọ́ ò dáa."

"Ojú ọjọ́ ibo, ẹ̀gbọ́n? Oòrùn ń ta mí lójú níbí."

"Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, hẹlikọ́pítà pupa kan yọ láti ẹ̀yìn òkè, ó kọjá lórí wọn, ó kọrí sí apá adágún tí àwọn ọlọ́lá ti máa ń lọ gbafẹ́. Jaukala na fóònù náà sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ìró rẹ̀? Ṣé kùrukùru ló ń dún báyẹn?"

Wọ́n pa fóònù. Kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, Birkha ti dákẹ́.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ìyanu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn mínísítà ti pàdé, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ìjọba sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, kí àwọn ológun yìnbọn ẹ̀yẹ fún un létí odò ní Kathmandu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, hẹlikọ́pítà gbéra. Ojú ọjọ́ tí kò gba alààyè láyè la ọ̀nà fún òkú. Mo mọ̀, nítorí wọ́n ní kí oníròyìn kan bá wọn lọ, èmi ni wọ́n sì mú. Dandapani Prasai, igbákejì akọ̀wé ẹgbẹ́, jókòó tì mí, òdòdó tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, àsíá ẹgbẹ́ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ń wo aago. Alága fẹ́ fi àsíá bo òkú náà lójú àwọn oníròyìn, ìbò kò sì jìnnà mọ́.

Oko ọ̀dùnkún yẹn la balẹ̀ sí. Gbogbo abúlé ti wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti ń sun òkú létí odò, ẹni tó bá ń lọ síbi òkú a mú igi ìdáná kan dání láti ilé rẹ̀, àwọn ará Rimse sì ti kó igi jọ gègèrè. Bàbá arúgbó kan wo òdòdó ọwọ́ Prasai láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, o káàbọ̀. Òdòdó ò ṣeé fi dáná o."

Prasai kọjú sí Jaukala. "Àbúrò, ẹ kú àjálù. Ìjọba ti pinnu pé kí wọ́n sin bàbá bí ọba. Ẹ jẹ́ ká tètè gbé wọn, atẹ́gùn ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Jaukala ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nípa atẹ́gùn, ẹ gbọ́ nípa kùrukùru, ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ń kú lọ. Bàbá mi ò lọ síbì kankan."

"Àbúrò, ẹ má sọ ọ́ dìjà. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ni wọ́n."

"Nígbà tí wọ́n ń wú ikọ́, èmi nìkan ló ni wọ́n."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí a rí àwọn mẹ́rin kan tó ń gòkè bọ̀, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ọ̀kan nínú wọn fi apẹ̀rẹ̀ gbé obìnrin kan pọ̀n sẹ́yìn. Sunkesha Budha ni, aboyún tó ti ń rọbí láti àná, tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ òkè láti òwúrọ̀. Ìró hẹlikọ́pítà ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi yí padà. Wọ́n rò pé nítorí rẹ̀ ló ṣe wá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dojúbolẹ̀ níwájú Prasai. "Olúwa mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá."

Èmi ò lè wo ojú ọkùnrin náà. Ó ní òun ò láṣẹ. Ó ní òkú ni wọ́n háyà ọkọ̀ náà fún.

Jaukala ní, "Àyè bàbá mi ṣófo níbẹ̀. Mo fi ta Sunkesha lọ́rẹ."

"Àbúrò, kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ìlànà…"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí àwọn obìnrin Rimse fi jókòó. Wọ́n jókòó yí hẹlikọ́pítà náà ká lórí ilẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó wá yá oòrùn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ máa mú ìlànà yín bọ̀. Ibí yìí la wà." Prasai lọgun, ó bẹ̀bẹ̀, ó dárúkọ ọlọ́pàá. Wọ́n bi í bóyá ọlọ́pàá náà á tètè dé ju hẹlikọ́pítà àná lọ.

Awakọ̀ ló parí rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, "Ọ̀gá, àyè wà fún aboyún, ìyá ọkọ rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì abúlé. Kò wá sí àyè fún yín mọ́." Ó ti ń ṣílẹ̀kùn bó ti ń sọ ọ́. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n gbé Sunkesha wọlé, hẹlikọ́pítà sì gbéra sínú ọ̀run tó mọ́ roro. Ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Surkhet, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá yè, ọmọ yè.

Èmi àti Prasai ló kù nílẹ̀. Bàbá arúgbó yẹn gbé igi kan lé e lọ́wọ́: "Ó yá, ìwọ náà ti di ará ilé." Létí odò, Jaukala fúnra rẹ̀ ló ti iná bọ òkú bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà kan kùn pé ọmọkùnrin ló ń ṣe é; ó ní kí ẹni tó bá bí ọmọkùnrin fún bàbá òun mú un wá. Kò sí ìbọn, kò sí àsíá. Iná náà jó dáadáa.

Nígbà tí Prasai ń so okùn bàtà rẹ̀ láti fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, Jaukala bá a dé ẹnu ọ̀nà abúlé. "Ẹ bá mi sọ fún alága yín pé oko ọ̀dùnkún yẹn kò tì. Aláìsàn lè gba ibẹ̀ nígbàkigbà. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọrọ ìbò, kó gba ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ yìí."

Mo ti kọ tèmi. Ó ku tìjọba. A ò fẹ́ ìgbìmọ̀ olùwádìí tí yóò jókòó títí a ó fi gbàgbé. Orúkọ la fẹ́. Ta ló gba fóònù Jaukala? Ta ni "àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀" tó ní kùrukùru wà? Ta ló jókòó sínú hẹlikọ́pítà pupa tó ń lọ gbafẹ́ nígbà tí ẹni tó fi oko ọ̀dùnkún rẹ̀ ṣe ibi ìbalẹ̀ ń kú lọ lábẹ́ rẹ̀? Ta ló yẹ kó gbé ọ́síjìn lọ sí Rimse, tí kò gbé e lọ? Ẹ dárúkọ wọn kí ìbò tó dé, kí wọ́n wá wí tẹnu wọn nílé ẹjọ́. Bí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ wọ́n, a ó gbà pé gbogbo yín ni, a ó sì dìbò bẹ́ẹ̀.