Pápá Tí Yẹ̀kínì Gbá Mọ́

Ìwé àwọn tó lọ wọn ilẹ̀, tí akọ̀wé kà ní kóòtù Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ náà, kò gùn. Ó ní àwọn rìn yí Pápá Olówùú po láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, àwọn kò rí ilé, àwọn kò rí oko, àwọn kò rí èèkàn kan ṣoṣo. Ilẹ̀ òfìfo ni. Bó ṣe kà á tán, gbogbo ojú yí sí Yẹ̀kínì, nítorí kò sí ahunṣọ kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun gan-an ló sọ ọ́ di òfìfo.

Ahunṣọ ni Yẹ̀kínì, bàbá rẹ̀ hunṣọ, bàbá bàbá rẹ̀ náà hunṣọ. Aṣọ ẹtù tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó rà á a máa fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kí òwú tó dé orí òfì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí pápá. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gún èèkàn mọ́lẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí ahunṣọ yóò máa mú fọ́nrán òwú lọ, tí yóò máa mú un bọ̀, títí iye tó ń fẹ́ yóò fi pé. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ni láti èèkàn kan sí èkejì, gbọọrọ, láìsí òkúta tàbí kùkùté tó lè já òwú. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, kò sí ibòmíràn tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ àfi Pápá Olówùú, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá.

Pápá náà kì í ṣe ti ẹnì kankan. Àwọn tó kọ́kọ́ na òwú níbẹ̀ mọ ohun tí èèkàn lè dà. Èèkàn tó bá sùn sílẹ̀ lónìí, lọ́la ẹni tó ni ín yóò ní ààyè òun ni. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, yóò ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi í ṣòfin pé kí oòrùn tó wọ̀, kí kálukú tu èèkàn rẹ̀ lọ sílé. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa rìn ká láti wo ẹni tó gbàgbé. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Yẹ̀kínì fi ṣe iṣẹ́ yìí, láìgba nǹkan kan. Bó bá rí èèkàn tó ṣẹ́ kù, yóò tu ú, yóò gbé e dé ilé ẹni tó ni ín, yóò sì bá a wí lójú ìyàwó rẹ̀.

"Ràsáàkì, ṣé o fẹ́ jọba lórí pápá ni?" Ọ̀dọ́ ahunṣọ ni Ràsáàkì, ìtòsí Yẹ̀kínì ló ń gbé òfì sí.

"Ẹ má bínú, bàbá, mo gbàgbé ni."

"O ò gbàgbé oúnjẹ alẹ́ rẹ ṣá."

Ìyẹn ni pé pápá tí ogójì ènìyàn ń lò ní ọ̀sán, bí àlejò bá gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, yóò rò pé ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì débẹ̀ rí. Ohun tí Ládòkun rí nìyẹn.

Ládòkun ní ilẹ̀ kan lọ́nà Kòmu, ilẹ̀ olókùúta tí kò ṣeé kọ ebè iṣu sí. Ó gbọ́ pé oníṣòwò kan láti èbúté ń wá ibi tí yóò kọ́ ilé sí lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, níbi tí yóò máa kó òwú tó bá rà sí. Ó lọ bá ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe pàṣípààrọ̀: kí àwọn ahunṣọ gba ilẹ̀ òun tó wà lọ́nà Kòmu, tó fẹ̀ ju pápá lọ ní ìlọ́po méjì, kí òun sì gba pápá tí wọ́n ń pè ní tiwọn ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ajẹ́lẹ̀ ní òun yóò rán àwọn tí yóò wọn ilẹ̀ náà wá. Kò sí ahunṣọ kan tó gbọ́ sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ládòkun dé ẹnu ọ̀nà Yẹ̀kínì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ ṣeré lórí erùpẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá bá àna rẹ̀.

"Bàbá Àwáwù, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àlejò kan ń bọ̀ lọ́la, wọn yóò gba pápá yín kọjá."

"Àlejò láti ibo?"

"Èèyàn ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ sì ni, ẹ̀yin yóò wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo kàn ní kí ilẹ̀ mọ́, kí ojú má tì wá. Wọ́n ní ìlú wa dọ̀tí."

"Ta ló ní ó dọ̀tí?"

"Àwọn ará Ṣakí ni."

Ó mọ ibi tó máa dun ọkùnrin náà: ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í fẹ́ kí ará Ṣakí fojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Yẹ̀kínì sọ fún gbogbo ahunṣọ pé kí ẹnikẹ́ni má na òwú lọ́jọ́ kejì. Ó mú ìgbálẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti eteetí ọ̀nà. Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá Àwáwù, ìyàwó tuntun ni wọ́n ń gbé bọ̀ fún yín ni? Ẹ ò gbá iwájú ilé tèmi rí."

"Jẹ́ kí àwọn ará Ṣakí wá wò ó ná."

Ó gbá gbogbo rẹ̀. Àní ihò tí èèkàn ti dá sílẹ̀ láti ọdún yìí wá, ó bu iyẹ̀pẹ̀ dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó sùn.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n pe àwọn ahunṣọ sí kóòtù. Lẹ́yìn tí akọ̀wé kàwé tán, ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní bí ẹ bá ń lo ilẹ̀ náà lóòótọ́, kí ló dé tí kò sí àmì kankan níbẹ̀?"

"Nítorí pé gbogbo wa la ń lò ó," ni Yẹ̀kínì wí.

Ògbufọ̀ wò ó. "Bàbá, bí mo bá sọ ìyẹn, wọn ò ní gbọ́ ọ yé."

"Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó sọ ọ́. Kò yé ajẹ́lẹ̀. Yẹ̀kínì wá ṣàlàyé òfin èèkàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kí ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ wá fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ ọ̀nà Kòmu wò, àpáta wà láàárín rẹ̀, kò sí ibi tí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ti lè tò tààrà. Ajẹ́lẹ̀ fi ìka lu ìwé. Ó ní ìwé ti sọ pé ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Bí ẹni tó ń ṣe àwọn ènìyàn náà lóore ló ṣe sọ ọ́, òun tí kò na òwú rí, tí kò sì mọ̀ pé òwú kì í yí àpáta ká.

Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ kan péré. Ta ló ni pápá? Bí ọkùnrin kan bá lè dìde, kó búra pé tòun ni, pé bàbá òun ló fi í sílẹ̀ fún òun, pàṣípààrọ̀ kò ní wáyé títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ràsáàkì fa aṣọ Yẹ̀kínì lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ ní tiyín ni. Kò sẹ́ni tó máa já a. Ẹ ní tiyín ni, ká máa lọ sílé."

Ó tó ohun tí ènìyàn lè sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré, pápá ti bọ́ lọ́wọ́ Ládòkun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Yẹ̀kínì ti fi ọdún mẹ́tàlélógún tu kúrò nínú ilẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Kì í ṣe tèmi," ni ó wí. "Ti gbogbo wa ni."

Akọ̀wé kò rí orúkọ kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí pàṣípààrọ̀ náà.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Ládòkun fọwọ́ kàn án léjìká. Kò pè é ní Bàbá Àwáwù mọ́. "Yẹ̀kínì, má jẹ́ kó dùn ọ́. Ilẹ̀ tó pọ̀ ni mo fún yín."

Kò pọ̀. Ní ọ̀nà Kòmu, òwú ń fà mọ́ òkúta, ó ń já, àwọn ahunṣọ ń so ó, aṣọ sì ń jáde ní kókó-kókó. Ibi tó tẹ́jú níwọ̀nba kò ju mẹ́ta lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ràsáàkì kò tu èèkàn rẹ̀. Igi ayan líle ló fi ṣe é, ó fi òkúta lù ú wọlẹ̀ dé ìdajì.

"Ràsáàkì, ilẹ̀ ń ṣú."

"Mo rí i, bàbá. Èmi, wọn ò ní kọ ọ́ síwèé pé àwọn ò rí tèmi."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ibi tó tẹ́jú ti ní ẹni tó ni ín, àwọn tí kò tètè dé sì ti ń bú ara wọn lórí òkúta. Yẹ̀kínì tu èèkàn tirẹ̀, ó gbé e sí èjìká, kò gba ọ̀nà ilé. Ó lọ tààrà sí Pápá Olówùú, níbi tí wọ́n ti ń mọ ògiri ilé oníṣòwò náà, ó gún un sí ojú kan náà tó ti ń na òwú láti kékeré, ó sì lọ sílé.

Ní òwúrọ̀, Ládòkun fúnra rẹ̀ gbé èèkàn náà wá, ó jù ú sílẹ̀ níwájú Àdìjátù.

"Yẹ̀kínì, ṣé o fẹ́ jọba lórí pápá ni?"

Yẹ̀kínì mú èèkàn náà, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù.

"Mo ti sọ ọ́ ní kóòtù pé kì í ṣe tèmi. Tìrẹ náà kọ́."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó tún gbé e sí èjìká, ó kọjú sí Pápá Olówùú. Àdìjátù kò bá a ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Òkúta tí ó máa fi gún un ló wá fún un.