Obìnrin Tí Kò Sunkún Nínú Fídíò

“Ẹ dá a padà díẹ̀,” ni bàbá alága wí. Ẹni tó mú rìmóòtù lọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, àwọn èèyàn inú tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn kúrò nídìí pósí, pásítọ̀ ń ki Bíbélì rẹ̀ bọ abíyá padà, ẹnu àwọn obìnrin tó ń ké sì ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà, mo sì gbé ẹ̀rín náà mì. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, èéfín rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹ̀wà tó wà lórí iná. Pálọ̀ wa ni wọ́n pé sí nítorí òun ló fẹ̀ jù ní agboolé náà, àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Keteren Gwari, àdúgbò wa ní Minna, sì kún un bámúbámú. Omijé ni wọ́n ń wá lójú obìnrin kan.

Obìnrin náà gan-an jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wo ara rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń wò ó. Aránṣọ ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Kò bímọ, nítorí náà kò sí orúkọ ọmọ tí a lè fi pè é. Ìyá Aránṣọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Zungeru ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀, òṣìṣẹ́ reluwé, ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ agbo ilé bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ rẹ̀ ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ náà ni wọ́n ń sin nínú fídíò.

N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, torí òun nìkan ni àgbà tí kì í béèrè ipò tí mo gbà ní kíláàsì. Ẹ̀rọ rẹ̀ á máa dún, á dákẹ́, á tún máa dún. Á bu omi sẹ́nu, á fẹ́ ẹ sára aṣọ, á gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, òórùn aṣọ gbígbóná á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í yí padà. Bí wọ́n bá wá sọ fún un pé lágbájá bí ìbejì, á ní, “To, a dúpẹ́.” Bí wọ́n bá ní làkáṣègbè kú, á ní, “To, sai hakuri,” ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ohùn kan náà, láìgbé orí sókè. Ìyá mi ní ọkàn rẹ̀ ti gbẹ. Bàbá mi ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ìgbéraga ni.

Bí ọkọ rẹ̀ bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á gbé omi fún un, àwọn méjèèjì á jókòó síta, ọkùnrin náà á kọjú sí títì, òun á kọjú sí aṣọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Nígbà míì ọkùnrin náà á dá rẹ́rìn-ín, ìyàwó á ní, “Kí ló dé?” Á ní, “Kò sí.” Ó parí náà nìyẹn. Ní ilé tiwa, bí wọ́n bá ń jà, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́, bí wọ́n bá sì parí rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Nítorí náà, n kò mọ̀ bóyá ìjà ni èyí tí wọ́n ń bá ara wọn jà tàbí ìfẹ́.

Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù. Àìsàn díẹ̀ ṣe ọkùnrin náà, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún. Gbogbo agboolé jáde síta wá ń wo ara wọn lójú. Aṣọ tí wọn yóò fi sin ọkọ rẹ̀ ló ń rán. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn obìnrin wọn ń fi ẹkún ki oríkì òkú bọ̀ láti ẹnu géètì, ó jáde sí wọn pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. “Ẹ káàbọ̀,” ló wí. “Ẹ jókòó. Omi wà nínú àmù.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin dá ẹkún dúró. “Haà! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti sọ fún eléyìí pé ọkọ rẹ̀ kú?”

Ilé kan ló wá di ọ̀ràn. Ọkọ àti ìyàwó jọ ń kọ́ ilé sí Barkin Sale, wọ́n ti kan òrùlé, ó ku ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Àwọn ẹbí ní bí obìnrin yìí bá jẹ́ aya tòótọ́, kó máa gbé inú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ọmọ àwọn ni, àwọn á gbà á. Bàbá alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa ní Minna, ni wọ́n kó ẹjọ́ náà bá. Ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà kí wọ́n gbé fídíò ìsìnkú wá, kí gbogbo àgbà fojú ara wọn rí i bóyá ó sunkún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní àbúrò kan lókè òkun, nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ya fídíò náà.

Kí wọ́n tó pé jọ, ìyá mi ti lọ bá a ní yàrá. Mo tẹ̀ lé e.

“Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá bi yín ní nǹkan, ẹ kàn sunkún díẹ̀.”

“Màmá Ìbejì, ṣé kí n máa sunkún nítorí ilé?”

“Ẹ sunkún nítorí ọkọ yín, kí ẹ lè rí ilé gbà! Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ ríran o!”

Ó rò ó títí, bí ẹni tí wọ́n ní kó ṣírò ìṣírò tó le. “To,” ló wí. N kò mọ ohun tó gbà nínú rẹ̀. Èmi náà rò ó, ọ̀rọ̀ náà kàn ń dojú rú sí i ni: bó bá sunkún, irọ́ ni, bí kò bá sì sunkún, wọ́n ní irọ́ ni ìgbéyàwó rẹ̀.

Fídíò dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdágbére. Ìyàwó sún mọ́ pósí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ọrùn òkú, orí rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì nàró.

“Kai!” Gbogbo pálọ̀ dìde.

“Ó fẹnu kò ó lọ́rùn ni!” ni ìyàwó pásítọ̀ wí, omi ti lé ròrò sójú òun fúnra rẹ̀. “Ẹ ò rí i? Ó ń dágbére fún un ni!”

“Irọ́ ni,” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí. “Ẹ dá a padà.”

Wọ́n dá a padà, wọ́n tún dá a padà. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ náà ló ń nàró. Apá kan ní ẹnu ló fi kò ó, apá kejì ní ó tì o. Níkẹyìn bàbá alága yí sí i, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ kan péré gba ara rẹ̀ là.

“Ìyá Aránṣọ, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

Ìyá mi di apá mi mú, ó ń dùn mí.

“Òwú ló yọ lọ́rùn aṣọ,” ló wí. “Mo fi eyín já a.”

 Lẹ́yìn náà bàbá alága mí kanlẹ̀, ó ní kí ẹbí máa mú ilé wọn, kí obìnrin máa mú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ní, “To. Ẹ ṣeun.” Ó ní aṣọ àwọn èèyàn wà nílẹ̀, ó sì jáde. Inú bí ìyá mi sí i débi pé kò fún un ní ẹ̀wà. Inú bí èmi náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ó kó kúrò ládùúgbò wa. Mo ti dàgbà, mo ti ń ṣiṣẹ́, kí n tó tún rí i ní Fadikpe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ó dá mi mọ̀, ó ní, “Sannu, o ti ga,” ó sì mú téèpù. Ibi tó ti ń wọn apá mi ni mo ti bi í.

“Mà, ṣé ẹ fẹ́ràn ọkọ yín?”

Téèpù dúró. “Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà,” ló wí. “Ẹkún ni wọ́n ń wá.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n yí ẹ̀yìn padà, kí òun wọn èjìká mi.

Kò dá mi lóhùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ká mi lára títí dòní. Bí mo bá lọ kí ọlọ́fọ̀, n kì í lè wo ojú rẹ̀ mọ́, torí n kò mọ ohun tó yẹ kí n máa wá níbẹ̀. Àwọn àgbà tó kún pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà gbọ́n, wọ́n mọ òwe, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè. Èmi béèrè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè, wọ́n ti ta ilé náà fún ẹlòmíì. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi fèsì. Bóyá kì í sì í ṣe ìyẹn. N kò mọ̀.