Ibi Tí Dádì Ní Kí N Dúró Sí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé àpátímẹ́ńtì ní Lake Highlands nílùú òyìnbó, àṣẹ òbí kì í ní ìdí. "Kúnlẹ̀." "Gbé e wá." "Má fọwọ́ kàn án." Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé ọmọ tó bá béèrè pé "kí ló dé?" yóò kúnlẹ̀ síbi ògiri, yóò nawọ́ sókè títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Èmi kì í béèrè.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Dádì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja ni kì í tán lẹ́nu wọn. Nígbà òtútù, bí wọ́n bá gba ìsinmi, a ó gbéra ní ìdájí, a ó wa mọ́tò fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà títí a ó fi dé etí òkun. Mọ́mì á di ìrẹsì àti ata díndín sínú fláàsì fún wa. Ẹja pupa ni à ń wá, èyí tó ní àmì dúdú roboto nídìí ìrù. Èmi ni mo máa ń bó edé tí a fi ń ṣe ìdẹ. Omi rẹ̀ tutù débi pé bí ìwọ̀ bá gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ń mọ̀.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ Dádì tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, bá wa lọ. Afẹ́fẹ́ àríwá ti fẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó ti gbá omi kúrò lórí ilẹ̀, ẹrẹ̀ sì tẹ́ lọ salalu. Dádì ní gbogbo ẹja á ti kó jọ sínú kòtò jíjìn tó wà lọ́hùn-ún.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní àwọn ò lọ, inú mọ́tò làwọn máa wà.

"Ará Ìbàdàn," ni Dádì wí, "omi inú ife nìkan lo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, omi inú ife kì í gbé èèyàn lọ."

Dádì rẹ́rìn-ín, wọ́n mú mi dání. Wọ́n ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níwájú wa bí a ṣe ń lọ. Níbi tí ọ̀nà ti yà, wọ́n gbé korobá kalẹ̀. "Dúró síbí. Má kúrò títí n ó fi dé." Wọ́n sì lọ.

Mo dúró. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, kùrukùru sì bò wá. Nígbà tó yá, mo rí i pé korobá ti ń léfòó. Omi ti ń padà bọ̀, kò sì pariwo rárá. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó wọ inú bàtà rọ́bà mi. Mo ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún. Mo tún un kà. Nígbà tó kan orúnkún mi, mo rí òkìtì ìkarahun kan lápá òsì, mo sì lọ gùn ún. Ogún ìṣísẹ̀ ni.

Dádì jáde látinú kùrukùru, ẹja pupa kan lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí kóòtù pupa mi, wọ́n sì kọrí sí i tààrà. Lójijì ni ẹrẹ̀ gbé wọn mì dé itan. Wọ́n gbìyànjú láti fa ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì tún rì sí i. Ẹja bọ́.

"Má wá síbí! Pe Ṣẹ́gun!"

Mo lọgun bí n kò ṣe lọgun rí. Bọ̀dá Ṣẹ́gun sáré dé pẹ̀lú àwọn ẹní rọ́bà inú mọ́tò, wọ́n tẹ́ ẹní náà sórí ẹrẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ lé e láti fa Dádì. Omi ti dé ìbàdí Dádì.

"Padà! O ò mọ omi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi ariwo. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn."

"Bàtà mi ńkọ́?"

"Ẹ fi bàtà sílẹ̀ fún ẹrẹ̀!"

Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ, lẹ́sẹ̀ lásán. Mo ti kúnlẹ̀ sórí ìkarahun, mo ti nawọ́ sókè. Dádì wò mí. Ètè wọn ti funfun. "Dìde," ni wọ́n wí. Wọn kò nà mí, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju pàṣán lọ.

Nígbà tí Dádì sùn nínú mọ́tò, Bọ̀dá Ṣẹ́gun rọra sọ fún mi pé, "Ìwọ ni àmì tí wọ́n fẹ́ fi mọ ibi tí ilẹ̀ ti le. Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?"

"Rárá, sà."

Lónìí, ní Mansfield tí à ń gbé báyìí, àwọn ọmọ mi kì í dìde láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìdí. Mo ń sọ ọ́ fún wọn ju bí wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ lọ. Dádì náà ti dàgbà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Bí a bá jáde ní ọ̀dọ̀ dókítà, tí mo ní kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n lọ gbé mọ́tò wá, mo máa ń sọ ibi tí mo ń lọ, ìdí tí mo fi ń lọ, àti iye ìṣẹ́jú tí n ó lò. "Mo ti gbọ́," ni wọ́n máa ń wí. Síbẹ̀, bí mo bá ti ń yí mọ́tò bọ̀ níbi igun ilé yẹn, àyà mi á kọ́kọ́ já. Ibi tí mo fi wọ́n sí gan-an ni mo sì máa ń bá wọn.