Fọ́tò Màmá Tó Wà Nínú Háàdì Kejì

Òórùn káńfọ̀ àti ti ìwé àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn nínú yàrá bàbá mi ní Festac. Ibẹ̀ ni mo gbé láptọ́ọ̀pù mi kalẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń ka Bíbélì. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí màmá mi pé ọdún kan tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Bàbá fẹ́ fọ́tò wọn ńlá kan tí a máa gbé kọ́ sí pálọ̀, wọn ò sì fẹ́ òmíràn àfi èyí tí àwọn fúnra wọn yà fún màmá níwájú ìlẹ̀kùn onígíláàsì wa, kí àìsàn tó gbẹ màmá lára.

O mọ̀ mí, mi ò kì í rẹ ara mi sílẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo to gbogbo fọ́tò ilé wa sínú áàpù kan. Àwòrán kéékèèké wọn ló wà nínú láptọ́ọ̀pù. Ojúlówó wọn wà nínú háàdì méjì, àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, tí bàbá ń tọ́jú sínú páálí. Mo tú páálí náà, háàdì kan ṣoṣo ni mo bá. Bébà pélébé kan tó wà níbẹ̀, mi ò tilẹ̀ kà á, mo fún un pọ̀, mo sọ ọ́ sínú garawa pàǹtírí. Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò màmá kò ju sítáǹbù lọ, bí mo sì ṣe fẹ̀ ẹ́, ojú wọn ṣe bàìbàì. Áàpù ní òun ò rí ojúlówó rẹ̀, ó ní ṣé kí òun yọ gbogbo èyí tí òun ò rí kúrò?

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Bàbá, háàdì yẹn ti sọnù. Ẹ jẹ́ kí n kúkú pa àwọn wọ̀nyí rẹ́, ká wá fọ́tò mìíràn."

Bàbá gbá ọwọ́ mi mú. Ìdí iṣẹ́ títọ́jú fáìlì ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. "Má dán an wò! Fáìlì tí kò sí lórí ṣẹ́ẹ̀fù, wọ́n gbé e jáde ni. Bébà tí mo fi rọ́pò rẹ̀ dà?"

Họ́wù! Mo sáré lọ tú garawa. Ní ọ́fíìsì wọn, ẹnikẹ́ni kì í gbé fáìlì láìfi bébà tó ní orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bàbá sì gbé àṣà náà wálé. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò màmá, àǹtí mi tó ń gbé ní Raji Rasaki Estate, ló yá háàdì kejì kó lè ṣe ẹ̀dà. "Èmi ti gbàgbé pátápátá," bàbá wí, "àmọ́ bébà kì í gbàgbé." Ojú tì mí.

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ lọ síbẹ̀. Àǹtí mi yọ háàdì náà láàárín ìró wọn, wọ́n fi gèlè wé e bí ọmọ tuntun. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò tíì ṣí i. Mi ò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá ní, "Ó dáa, a jọ máa wò ó."

Orí tábìlì oúnjẹ wọn ni mo ti so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Áàpù dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́, màmá mi yọ kedere, títí kan òógùn orí imú wọn. Nínú gíláàsì tó wà lẹ́yìn wọn, níbi tí mo ti rò pé òjìji lásán ni, bàbá mi ló dúró yẹn pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ìyàwó wọn.

Bàbá fi ìka kan gíláàsì náà lójú kọ̀ǹpútà. "Mo ti rò pé kò sí fọ́tò tí àwa méjèèjì ti jọ rẹ́rìn-ín," ni wọ́n wí. Àǹtí bú sẹ́kún, èmi náà ò lè mú un mọ́ra.

Mo ṣì gbójú nídìí kọ̀ǹpútà, má tan ara rẹ jẹ. Àmọ́ títí dòní, tí mo bá wọ pálọ̀ yẹn, gíláàsì inú fọ́tò náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi àti bàbá la fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé màmá nìkan ló wà nínú fọ́tò náà, tó kéré, tó sì ṣe bàìbàì. Bẹ́ẹ̀ rèé, ọkọ wọn wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn látìgbà yẹn.