Ẹ̀rọ Aṣọ́nà Tí Kò Gbọdọ̀ Kùn

Onílé wa ní àdúgbò Commerce, níbi tí a ń ṣàtìpó sí, ti sọ fún ìyá mi pé bí òun bá tún gbọ́ ariwo kankan láti yàrá iwájú, kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Yàrá yẹn ni mo to kọ̀ǹpútà mẹ́ta sí, tí àwọn èèyàn ń wá kọ lẹ́tà sílé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Látìgbà tí owó séfà ti já wálẹ̀, aṣọ tí ìyá mi ń tà ní Ọjà Ńlá kò rìn mọ́. Kọ̀ǹpútà yẹn la fi ń jẹun.

Ìlà tẹlifóònù kan ṣoṣo la ní. Mo nílò ẹ̀rọ tí yóò máa pín in fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí yóò sì máa ṣọ́nà kí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì má baà wọlé. Iṣẹ́ náà kò gba agbára rárá. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ti darúgbó, tí kò ní fáànù tó ń pariwo, ti tó o. Tọ̀sán-tòru ni yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá onílé.

Bàbá mi kékeré ní àwọn ni yóò bá mi rà á, torí pé ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń tà. Nígbà tí a dé ọjà, wọ́n gbé èyí tí mo yàn lọ́wọ́ wò, wọ́n ní ó fúyẹ́. Wọ́n ní kí ọlọ́jà tàn án, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n yínmú.

"Òkú lèyí. Ẹ̀rọ tó bá lágbára, ohùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n."

"Bàbá, kì í ṣe àgbàdo la fẹ́ lọ̀."

"Ṣé ìwọ lo máa wá fi ẹ̀rọ hàn mí?"

Ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ jiyàn láàárín ọjà? Wọ́n ra gbẹ̀ǹdu kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ní fáànù mẹ́ta. Nígbà tí a tàn án nílé, ó ń bú ramúramù, bàbá mi kékeré sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe fáàrí: "Ẹ ò gbọ́ agbára!" Àgbàyà pọ́nbélé! Kò pẹ́ tí onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri gbàgbàgbà.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá gbẹ̀ǹdu náà padà, tí mo gbé "òkú" wálé. Mo tò ó, mo tàn án. Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá mi gbé etí lé ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, "Ọpẹ́ o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé já wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ní ariwo wa kò jẹ́ kí òun sùn mọ́jú.

Mo ní kó tẹ́tí sílẹ̀. Kò sóhun tó dún nínú yàrá. Òpònú! Kò tilẹ̀ lè wá irọ́ mìíràn pa. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ìyá mi, tí wọ́n ti ń sanwó ilé fún bàbá rẹ̀ nígbà tí òun ṣì ń rákò.

"Ẹ̀yin Anago ti pọ̀ jù níbí," ó ní. Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. "Ọmọ ìlú ni mo fẹ́ gbé ilé mi fún."

Ìyá mi kọjú sí mi, wọ́n ní kí n pa ẹ̀rọ náà, kí n sì rọra ká wáyà rẹ̀.